Òdo Tí A Fi Sí Ibi Tí A Kò Wọ̀

Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Oyèlékè, Àjàní ọmọ mi,

Mi ò ní kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ, nítorí o ti sọ fún mi nínú lẹ́tà tìrẹ pé ara rẹ le, pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dín kù, pé o ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìbàdàn ti ní àwọn yóò gbà ọ́ síṣẹ́ olùkọ́ nígbà tó o bá dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún gbogbo rẹ̀. Mo ka ojú ìwé yẹn fún ìyá rẹ. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ó dìde, ó lọ sọ fún àwọn ará ilé. Ojú ìwé kejì ni mi ò kà fún un lọ́jọ́ yẹn. Òun ni mò ń fèsì sí báyìí, mo sì fẹ́ kó o ka èsì náà dé òpin kó o tó bínú sí mi.

Ojú ìwé kejì yẹn lo ti sọ pé àṣìṣe kan wà nínú ìwé tó o fi gba oyè, ní orí kẹta. O ní olùdánwò méjèèjì kò rí i, ọ̀gá rẹ pàápàá kò rí i. O ní o fẹ́ dákẹ́ títí àwọn ará Ìbàdàn yóò fi fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ, torí bí wọ́n bá gbọ́ ọ báyìí, wọ́n lè fi ẹlòmíràn sí ipò náà. O wá kọ gbólóhùn kan tí mo kà tí mo sì ká lẹ́tà náà pọ̀. O ní, "Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Àmì kan ṣoṣo ni. Kò gba àyè kankan."

Má rò pé ohun tó o ṣàlàyé kò yé mi. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé a máa rò pé tíṣà àtijọ́ kò mọ̀ ju ìsodipúpọ̀ lọ. Mo ka lẹ́tà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára síléètì, mo nù ún, mo tún un kọ. Iṣẹ́ rẹ dá lórí ohun kékeré kan nínú átọ́ọ̀mù tí nǹkan ń fà lọ sí àárín gbùngbùn. Bó ṣe ń sún mọ́ àárín ni fífà náà ń le sí i, títí tó fi jẹ́ pé ní àárín gan-an kò sí nọ́ńbà tí a lè kọ sílẹ̀ fún un. Ohun tí ẹ ń pè ní ọ́pírétọ̀ ló ń gba gbogbo èyí wọlé, tó sì ń kó nọ́ńbà jáde, ìyẹn oríṣiríṣi agbára tí ohun kékeré náà lè ní. Ó dà bíi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ní iye ohùn tirẹ̀, tí kò sì sí ohùn kankan láàárín ọ̀kan sí èkejì. Sípẹ́kítírọ́ọ̀mù lẹ pe àwọn nọ́ńbà yẹn.

Bí fífà náà bá rọ̀, àárín kò ní wàhálà, èèyàn kò nílò láti sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bó bá le kọjá ibì kan, ìṣirò fúnra rẹ̀ kò lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àárín mọ́. Ẹni tó ń ṣe é ni yóò yàn án, ohun tó bá sì yàn ni yóò pinnu irú nọ́ńbà tí yóò jáde. Bó bá tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun kékeré náà á kàn máa jábọ́ lọ sí àárín ni, àwọn nọ́ńbà náà kò sì ní ní ìsàlẹ̀. Ìwọ wà ní ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ yàn. O yan òdo fún àmì kan ṣoṣo tó wà ní àárín yẹn. O kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lo yàn án. O kọ nọ́ńbà rẹ jáde bí ẹni pé átọ́ọ̀mù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ. Ṣé mo gbà á dáadáa àbí mi ò gbà á?

Ó dára. Èmi náà ti fi òdo sí àárín nǹkan rí, Àjàní. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí náà ìwọ ni ẹnìkejì tí yóò gbọ́ ọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbí ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, wọ́n gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa kọ́ni ní ìṣirò ní ilé-ìwé ìjọ. Mo mọ kọ́ńpáàsì lò, mo mọ bí a ṣe ń fa ṣéènì láti wọn ilẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé nìkan ni mo tíì wọ̀n rí, ṣùgbọ́n mo ń rìn bí ẹni tó wọn gbogbo ayé tán. Ni ẹjọ́ ilẹ̀ kan bá dé kóòtù láti Ìrẹsà, láàárín ilé Ọlọ́dẹ àti ilé Alágbẹ̀dẹ. Kóòtù ní kí ilé-ìwé yá àwọn ní tíṣà tó lè ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí ìwé. Èmi ni wọ́n rán.

Ilé Alágbẹ̀dẹ ni ilé ìyá rẹ. Mi ò tíì mọ ìyá rẹ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ni mo bá pàdé, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Ìkòyí. Kò tíì máa gbé Ìkòyí-Ilé nígbà yẹn. Ìrẹsà ló wà, ó ń rọ ọkọ́ àti àdá, apá rẹ̀ le bí irin tó ń lù.

Mo wọn ilẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, mo dé àárín ààlà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìgbàlẹ̀ wà, igbó eégún tí ilé méjèèjì jọ ń lò. Bàbá Ìkòyí sọ fún mi pé inú igbó yẹn ni àwọn bàbá àwọn gbin pérègún sí láti fi ṣe ààlà, pé pérègún náà kò lọ tààrà, ó yà sí apá ìlà oòrùn kó tó jáde. Bàbá tirẹ̀ ló mú un lọ síbẹ̀, tó fi hàn án nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn àgbà ilé méjèèjì sì gbà kí n wọlé. Bàbá Ìkòyí ní, "Tíṣà, ọmọ mi, bọ́ bàtà rẹ, ṣí fìlà, ká jọ wọlé. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́."

Gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo kọ̀. Àwọn tó ni igbó ní kí n wọlé, èmi tí wọ́n rán wá wọn ilẹ̀ ni mo ní mi ò wọlé. Wọn kò tíì fi orúkọ mi sínú ìwé àwọn olùkọ́ tí ìjọ gbà pátápátá, alábòójútó ilé-ìwé sì ti sọ fún wa pé tíṣà tó bá fi ẹsẹ̀ kan ilé òrìṣà, òun á yọ orúkọ rẹ̀. Mo ń rò ó pé ẹnìkan á rí mi, pé ìròyìn á dé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú mi. Bí mo bá sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, ojú á tì mí. Mo wá parọ́ tó dára. Mo ní, "Bàbá, ìwé wa ní ọ̀nà tí a fi ń wọn ibi tí a kò wọ̀."

Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, o mọ̀ ọ́n, ìwọ náà kọ́ ọ. Èèyàn lè dúró níta igbó kó mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́ńpáàsì kankan tó lè dúró níta kó rí pérègún tó wà nínú. Bàbá Ìkòyí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ohun èlò mi, ó wò mí, ó mi orí pé ó dára. Ó gbà mí gbọ́.

Mo dé yàrá mi, mo fa ìlà tààrà láti etí igbó kan dé èkejì, mo sì kọ sínú ìwé pé kò sí ohunkóhun nínú igbó náà. Mo sọ fún ara mi pé igbó kékeré ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba àyè. O rí i pé kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Kóòtù tẹ̀lé àwòrán mi. Ìlà tààrà yẹn, bí wọ́n ṣe fà á gùn dé òpin oko, ó gbé odò lọ fún ilé Ọlọ́dẹ, ó tún gbé igbó tí wọ́n ti ń sun èédú lọ. Alágbẹ̀dẹ tí kò ní èédú, tí kò ní omi tó máa fi pa irin, kí ni yóò máa ṣe? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n ka ìdájọ́ tán, Bàbá Ìkòyí dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ kan. Mo rò pé èmi ló fẹ́ bú. Ó ní, "Bí ìwé bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé irọ́ ni bàbá mi pa fún mi." Ó sì jókòó. Mo wà níbẹ̀, mo gbé ṣéènì mi lé itan.

Ọdún yẹn ló kó lọ sí Ìkòyí-Ilé, ó ń gbin iṣu. Ẹ rántí ẹwìrì àgbẹ̀dẹ tí ẹ máa ń fi fẹ́ atẹ́gùn ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ẹ fi ń fẹ́ eruku sójú ara yín. Kò fi fẹ́ iná kankan láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Ìrẹsà. Ohun ìṣeré yín ni, èmi ni mo sọ ọ́ di ohun ìṣeré.

Mo máa ń lọ kí i níbẹ̀. Àwọn èèyàn ní mo ní ojú àánú. Ẹ̀rí ọkàn ló ń lé mi lọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìyá rẹ. Nígbà tí mo wá tọrọ rẹ̀, àwọn àbúrò Bàbá Ìkòyí ní àwọn kò fẹ́ tíṣà tó ya àwòrán yẹn. Òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Tíṣà yìí ni mo lè fún lọ́mọ. Ó wọn ilẹ̀ wa, kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, kò gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó bá rí ló kọ." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Orí irọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ ìyá rẹ, òun ni a fi bí ọ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń pè mí ní Tíṣà Olóòótọ́ ní àdúgbò yìí, àwọn ọmọdé pàápàá, ó sì ń gún mi létí.

Ní báyìí, ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ọ.

Èkínní, má sọ pé àmì kan ṣoṣo ni mọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ sí mi pé ohun tí a bá sọ nípa àmì yẹn ló ń pinnu gbogbo nọ́ńbà tó kù. Kò lè jẹ́ nǹkan kékeré nígbà tó bá wù ọ́, kó sì jẹ́ nǹkan ńlá nígbà tí o bá ń gba oyè.

Èkejì, fi orúkọ rẹ sí ohun tó o fúnra rẹ yàn. Mi ò sọ pé òdo rẹ kò tọ́. Mi ò mọ̀, ó sì jọ pé ìwọ náà kò mọ̀. Bí mo bá ti kọ sórí àwòrán mi pé, "Mi ò wọ inú igbó yìí, èmi ni mo fa ìlà yìí tààrà nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí," kóòtù ì bá rán ẹlòmíràn wọlé. Gbólóhùn kan péré ni. Kọ tìrẹ sí ọ̀gá rẹ àti sí àwọn olùdánwò náà: èyí ni mo yàn, àwọn ohun mìíràn wà tí èèyàn lè yàn, nọ́ńbà wọn yàtọ̀ sí tèmi.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n á fọwọ́ sí. O ní kí Ìbàdàn fọwọ́ sí i ná. Èmi ní kí ìjọ fi orúkọ mi sínú ìwé ná. Wọ́n fi sí i. Mo ní kí n di ọ̀gá ilé-ìwé ná, mo dì í. Mo ní kí ìgbéyàwó kọjá, kí ìyá rẹ bímọ, kí o wọlé ìwé, kí Bàbá Ìkòyí gbádùn nínú àìsàn rẹ̀ kí n tó lọ bá a. Kò gbádùn. Mo tẹ̀ lé òkú rẹ̀, mo ka Bíbélì níbẹ̀, ohùn mi dùn, gbogbo èèyàn ló yìn mí. Alábòójútó tí mò ń bẹ̀rù ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọdún náà tó parí, mi ò sì rò pé ó rántí orúkọ mi.

Má fi ara rẹ pamọ́ sẹ́yìn àwọn tí kò rí i. Bí olùdánwò méjì kò bá rí i, á jẹ́ pé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé ìwọ nìkan ló lè sọ ọ́. Inú bí mi nígbà tí mo ka ibẹ̀, torí mo gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀, mi ò sì rán ọ lọ sí òkè òkun kó o lọ fara jọ mí.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́. Má ra aṣọ òtútù tó nípọn bọ̀, ooru Ìbàdàn yóò bá ọ jà. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ nítorí pé o sọ òtítọ́, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Ilé-ìwé gíga tuntun pọ̀ tó ń wá olùkọ́ ìṣirò, èèyàn kì í kú nítorí pé kò kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí lẹ́tà rẹ ṣe fún ilé yìí. Ní ọjọ́rú tó kọjá, mo wọ lọ́rì lọ sí Ìrẹsà. Ẹni tó jẹ́ àgbà ilé Ọlọ́dẹ báyìí, ọ̀dọ́kùnrin tó bá mi di ìdí ṣéènì mú nígbà yẹn ni. Mo ní mo fẹ́ wọ inú igbó náà. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń bọ́ bàtà ni?" Mo ṣí fìlà mi. A jọ wọlé. Pérègún náà wà níbẹ̀, ó ti nípọn, ó tò lọ geere, ó sì yà sí apá ìlà oòrùn bí Bàbá Ìkòyí ṣe wí. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló gbà mí láti rìn ín. Ẹni náà kò sọ pé òun á dá ilẹ̀ padà, mi ò sì lẹ́nu láti béèrè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní, mo jókòó tì í, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe rò ó fún ọ yìí, mo sì sọ ohun tó wà ní ojú ìwé kejì rẹ fún un pẹ̀lú. Ó ṣa ẹ̀wà náà títí mo fi parí. Ó wá ní, "Bàbá Oyèlékè, ẹ kò wọlé rárá?"

Mo ní, "Mi ò wọlé."

Ó ní, "Bàbá mi pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́ ní gbangba kóòtù. Títí tó fi kú, kò sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún wa mọ́. Tí a bá béèrè, á ní, 'Ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀.' Nítorí yín ni."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní òun kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀. Ó gbé ẹ̀wà náà wọlé, ó di ẹrù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì ń gbé Ìkòyí-Ilé nínú ilé Bàbá, yàrá tí wọ́n sin Bàbá sí ṣì wà nílẹ̀. Ó ní òun ń lọ síbẹ̀ láti lọ jókòó sórí sàréè, kí òun sọ fún bàbá òun pé bàbá rẹ̀ kò parọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òun ń lọ sọ́jà. Mo ní kí n bá a lọ. Ó ní rárá.

Mi ò mọ ọjọ́ tí yóò padà, mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá yóò padà. Bó o bá dé kó tó dé, èmi nìkan ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ, oúnjẹ tí mo bá sì sè náà ni a ó jẹ.

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo gbé ẹrù rẹ̀ sókè fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí àlejò. Nígbà tí lọ́rì fẹ́ gbéra ló yọ orí jáde. Mo rò pé èmi ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún Oyèlékè pé kó kọ lẹ́tà yẹn sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òkun. Ẹ ní èmi ìyá rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí òun yóò sọ ọ́ fún ṣì wà láàyè."

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí ó rán mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.